Òwú àjèjì nínú aṣọ: bí kòkòrò ṣe wọ sáìtì tí mo kọ́, àti bí mo ṣe lé e jáde

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Ìyá pè mí láti Ìṣẹ́yìn. Kì í ṣe pé wọ́n bí mi. Oníbàárà mi ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ìyá ni gbogbo àwa tí a ń bá wọn ṣiṣẹ́ ń pè wọ́n. Aṣọ òkè ni iṣẹ́ wọn: sányán, etù, àlàárì, àti àwọn aláwọ̀ mèremère tí àwọn ọmọ ìwòyí fi ń ṣègbéyàwó. Èmi tí mò ń kọ́ sáìtì ní Ìbàdàn ni mo kọ́ èyí tí wọ́n fi ń tajà fún àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀n àti Houston.

“Ọmọ mi, obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí láti Lọ́ńdọ̀n. Ó ní òun wá ṣọ́ọ̀bù mi lórí Google, òun tẹ̀ ẹ́, ló bá gbé òun lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́.”

Láptọ́ọ̀pù mi wà níwájú mi. Mo ṣí sáìtì náà lójú ẹsẹ̀, ó ṣí wẹ́rẹ́. Àwòrán aṣọ pé, iye owó pé, bọ́tìnì ìsanwó ń ṣiṣẹ́. Mo ní, “Mà, ẹ má mikàn. Fóònù obìnrin yẹn ló ní kòkòrò. Ẹ ní kó gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe.” Wọ́n gbà mí gbọ́, nítorí pé èmi ni wọ́n gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà ń dùn mí títí dòní, ju gbogbo ohun tí àwọn olè náà ṣe lọ. Oníbàárà ló rí àìsàn náà, èmi ni mo sọ pé ara òun ni kò yá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn mẹ́ta mìíràn tún sọ ohun kan náà. Ọ̀kan ní ibi tí wọ́n ti ń sọ fún òun pé òun ti jẹ fóònù ọ̀fẹ́ ló gbé òun lọ. Àbúrò mi ló wá là mí lójú. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá sórí Google lórí fóònù tirẹ̀, ó tẹ èsì àkọ́kọ́. Ojú fóònù funfun láúláú, lẹ́yìn náà ni kẹ̀kẹ́ tẹ́tẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo já fóònù náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo padà sẹ́yìn, mo tún tẹ̀ ẹ́. Aṣọ òkè ni mo rí. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, aṣọ òkè náà ni. Ara mi bù máṣọ.

Bí irú kòkòrò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kó tó ṣe ohunkóhun, ó máa wo ẹni tó dé. Ṣé orí fóònù ló ti wá? Ṣé Google ló darí rẹ̀ wá, àbí òun fúnra rẹ̀ ló kọ àdírẹ́sì? Ṣé ó ti dé ibí rí? Ẹni tó bá ti dé rí, kòkòrò náà ti fi àmì kékeré kan sínú bùráwúsà rẹ̀, kò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá wọlé gẹ́gẹ́ bí alábòójútó sáìtì, kò ní fọwọ́ kàn án rárá. Ó mọ onílé, ó sì mọ àlejò. Èmi tí mò ń wo sáìtì láti orí láptọ́ọ̀pù, tí mo ti wọlé sílẹ̀, tí mò ń fọwọ́ ara mi kọ àdírẹ́sì, bí mo bá wò ó fún ọdún kan, mi ò ní rí nǹkan kan. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé sáìtì kan ń ṣe ségesège, fóònù ni mò ń gbé. Mo máa pa Wi-Fi, mo máa tan dátà, mo máa ṣí ojú ewé ìkọ̀kọ̀, mo sì máa gba orí Google wọlé bí ẹni tí kò débẹ̀ rí.

Ọjọ́ Sátidé mìíràn ni. Mo wọ cPanel, ibi tí a ti ń ṣàkóso sáìtì, lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Fáìlì index.php tó wà lójúde WordPress, ètò tí mo fi kọ́ sáìtì náà, kì í gùn. Bí èèyàn bá yọ àlàyé orí rẹ̀ kúrò, ìlà méjì péré ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìlà tí mo bá lókè pátápátá nínú tiwa kì í ṣe ti WordPress:

@include "\057hom\145/.../uploads/2023/08/.9c41e0b2.ico";

Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. \057 yẹn ni ìlà tó dagun tó máa ń ya fódà sọ́tọ̀ kúrò lára fódà, \145 sì ni lẹ́tà e. /home ni wọ́n fẹ́ kọ, wọ́n wá dì í bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ náà má baà rí i. Fáìlì tí wọ́n ní kó gbé wá jẹ́ .ico, irú àwòrán kékeré tó máa ń wà lókè bùráwúsà. Àmì ìdánudúró ló ṣíwájú orúkọ rẹ̀, nítorí náà kò ní hàn nínú fódà àyàfi bí èèyàn bá ní kí wọ́n fi àwọn fáìlì tó fara pamọ́ han òun. Mo fi ohun tí a fi ń ka ìwé ṣí àwòrán náà. <?php ló fi bẹ̀rẹ̀, àmì PHP, èdè tí a fi kọ WordPress, kì í ṣe ti àwòrán; lẹ́yìn náà ni lẹ́tà jágbajàgba tó gùn bí ojú irin.

Mo pa ìlà náà rẹ́, mo pa .ico náà rẹ́. Mo pe Ìyá: “Mà, ó ti tán.” Mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìlà náà ti padà síbi tó wà. Orúkọ .ico nìkan ló yàtọ̀. Mo tún pa á rẹ́, ó tún padà. Ẹ̀tẹ̀ wà nílẹ̀, làpálàpá ni mò ń pa.

Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e tún burú jù ú lọ. Mo ní backup, ẹ̀dà sáìtì tí a fi pamọ́, mo sì gbójú lé e. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó gba sáìtì náà sílé (hosting), ti ọ̀sẹ̀ kan péré. Èkejì, plugin kan, ohun èlò àfikún inú WordPress, ló ń ṣe é fún mi lóṣooṣù, inú fódà sáìtì náà gan-an ló sì ń kó o sí. Bí iná bá jó ilé, á jó o mọ́ ọn. Mi ò ronú dé ibẹ̀ rí. Mo mú ti ìparí oṣù kẹsàn-án, mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Sáìtì náà tòrò fún ọjọ́ kan. Ilé tó ń tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Kòkòrò náà wà nínú backup yẹn, oṣù kẹjọ ló ti wọlé.

Ìgbà tí mo dá a padà tán ni mo tó rántí dátábéèsì. Mo ti fi ti oṣù kẹsàn-án bo ti oṣù kẹwàá mọ́lẹ̀. Gbogbo ọjà tí àwọn èèyàn ti bèèrè fún láti ìgbà náà pòórá, aṣọ ìgbéyàwó oṣù Kejìlá ló sì pọ̀ jù nínú wọn: àwọ̀ tí wọ́n fẹ́, iye èèyàn, ọjọ́ tí aṣọ gbọ́dọ̀ dé Lọ́ńdọ̀n. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mò ń pe Ìyá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Mú bírò.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi. Láti ọjọ́ tí a ti ṣí sáìtì náà ni wọ́n ti ń fọwọ́ kọ gbogbo ọjà tó bá wọlé sínú nóòtù kan, nítorí pé wọn ò fọkàn tán kọ̀ǹpútà. Mẹ́rìnlá ni. Ọ̀kan kò sọnù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni mo jókòó tì í bó ṣe yẹ. Mo kọ́kọ́ ti sáìtì náà pa. Mo fi ojú ewé kan síbẹ̀ pé a ń tún ilé ṣe, kí àwọn èèyàn kàn sí Ìyá lórí WhatsApp. Ó yẹ kí n ti ṣe èyí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, torí gbogbo wákàtí tí mo fi ń nu ojú rẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní ṣíṣí ni olè fi ń kó àlejò Ìyá lọ. Lẹ́yìn náà mo da gbogbo rẹ̀ kọ sórí dráìfù kan, pẹ̀lú kòkòrò inú rẹ̀. Bí mo bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí ni mo fẹ́ fi mọ ọ̀nà tó gbà wọlé?

Láptọ́ọ̀pù tèmi ni mo yẹ̀ wò tẹ̀ lé e. Páswọ́ọ̀dù FTP, ọ̀nà tí a fi ń kó fáìlì lọ sórí sáìtì, wà nínú FileZilla, ètò tí mò ń lò fún un, bí èèyàn kò bá sì fi páswọ́ọ̀dù àgbà tì í, fáìlì tó ń kó wọn pamọ́ sí kò ṣòro kà fún ẹni tó bá ti wọ inú ẹ̀rọ náà. Mi ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà mìíràn ni mo fi yí gbogbo páswọ́ọ̀dù padà: ti hosting, ti FTP, ti dátábéèsì, ti ímeèlì, ti WordPress. Nínú wp-config.php, ìlà mẹ́jọ kan wà tí WordPress fi ń dá ẹni tó ti wọlé mọ̀. Mo pààrọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sínú ilé lákòókò náà, ìta ló bá ara rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé ẹni tó ti wọlé kò nílò páswọ́ọ̀dù mọ́. Ẹ lè yí kọ́kọ́rọ́ tiyín padà kí ẹni tó fi orúkọ mìíràn wọlé ṣì wà lórí àga.

Mo wá gba SSH wọlé, ọ̀nà tí a fi ń kọ àṣẹ tààrà sí ẹ̀rọ tí sáìtì wà lórí rẹ̀, mo kọ wp core verify-checksums. Àṣẹ yìí máa ń fi fáìlì WordPress tó wà lọ́wọ́ ẹni wé ti àwọn tó ṣe WordPress, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta kò bára mu. Márùn-ún ni kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá, orúkọ tí wọ́n sì fún wọn jọ ti ọmọ ilé débi pé mo ti kọjá lára wọn ní ọjọ́ Sátidé tí mi ò fura. Mo wo ọjọ́ tí ó wà lára wọn: ọdún 2021, ọdún tí a ṣí sáìtì náà. Irọ́ ni. Olè lè kọ ọjọ́ tó bá wù ú sára fáìlì. Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà, máa ń kọ ọjọ́ mìíràn fúnra rẹ̀ tí èèyàn kò lè tètè yí, àṣẹ stat ló ń fi í hàn, ṣùgbọ́n èmi ni mo ti ba ìyẹn jẹ́ nígbà tí mo dá backup padà. Gbogbo fáìlì wá ní ọjọ́ kan náà. Mo rò ó lọ́jọ́ náà pé ìkánjú mi ti nu ojú ẹsẹ̀ olè fún un.

Fódà uploads ló kàn. Àwòrán ló yẹ kó wà níbẹ̀, PHP kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Mo wá a, mo bá mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni mo rí ohun tó ń jí òkú dìde lóru. Nínú cPanel, níbi Cron Jobs, tí a ti ń ní kí ẹ̀rọ máa ṣe iṣẹ́ kan fúnra rẹ̀ lákòókò tí a dá, ìlà kan wà tí èmi kò kọ. Wákàtí wákàtí ló ń lọ síta, á mú ẹ̀dà tuntun kòkòrò náà wá, á sì tẹ́ ẹ padà sínú index.php. Mo ti ń bá ẹ̀rọ jìjàkadì láti ọjọ́ Sátidé, mo rò pé èèyàn kan ló jókòó síbì kan tó ń ṣọ́ mi.

Níbi orúkọ àwọn alábòójútó nínú WordPress, méjì ni mò ń rí: èmi àti ọmọ Ìyá tó ń bá wọn fi àwòrán sí i. Mo ṣí phpMyAdmin, ibi tí a ti ń wo inú dátábéèsì, mo wo táblì wp_users àti wp_usermeta fúnra mi. Àwọn mẹ́ta tí agbára wọn dọ́gba ló wà níbẹ̀. Ẹkẹta ní ímeèlì tí mi ò rí rí. Kọ́ọ̀dù kan ló ń yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nígbàkígbà tí WordPress bá fẹ́ to àwọn orúkọ náà síta. Mo wo orúkọ yẹn títí. Ó ti ń gbé nínú ilé wa, ó ń jẹ, ó ń mu, a ò rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá yà mí lẹ́nu jù ni orí Google. Ẹ kọ site: ṣáájú àdírẹ́sì sáìtì yín, Google á kó àwọn ojú ewé tó mọ̀ nípa rẹ̀ síta. Ojú ewé ti Ìyá kò tó 90. Ohun tí mo rí lé ní 4,000, lẹ́tà àwọn ará Japan ni wọ́n fi kọ orí wọn, bàtà àti báàgì ni wọ́n ń polówó. Google nìkan ni wọ́n ń fi han, ẹlòmíràn tó bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á darí rẹ̀ síbòmíràn. Àwọn olè náà ti fi orúkọ ara wọn kún àwọn tó ni sáìtì náà nínú Search Console, ibi tí Google ti ń bá onísáìtì sọ̀rọ̀, fáìlì kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú google ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí pé àwọn ni olówó ilé. Google ti fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ pé onílé tuntun ti dé. Inú àpótí ímeèlì kan tí mo dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà lọ́dún 2021, tí mi ò ṣí mọ́, ni létà náà sùn sí láti oṣù kẹjọ.

Mi ò fọ WordPress náà. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo gbé tuntun wá láti orísun rẹ̀, mo gbé plugin kọ̀ọ̀kan wá láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Ohun mẹ́ta ni mo mú nínú ti àtijọ́: wp-config.php tí mo kà ní ìlà sí ìlà, àwòrán tí mo yọ gbogbo PHP kúrò láàárín wọn, àti dátábéèsì tí mo yẹ̀ wò táblì kan lẹ́yìn òmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí. Iná ò sí fún ọjọ́ kan nínú rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni mo gbára lé. Àwọn kan á sọ fún yín pé àwọn lè fọ sáìtì tó ti bàjẹ́ ní wákàtí kan. Kí wọ́n ṣe tiwọn. Èmi ti rí ibi tó lé ní mẹ́wàá tí kòkòrò kan ṣoṣo fara pamọ́ sí, mi ò gbà á gbọ́.

Síbẹ̀, mi ò tíì mọ ọ̀nà. Mo gbé log ìwọlé, àkọsílẹ̀ àwọn tó ń bẹ sáìtì wò, tí cPanel kó pamọ́ lóṣooṣù, mo wá ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni bèèrè fún ọ̀kan nínú àwọn fáìlì àjèjì wọ̀nyẹn. Ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ni, ní nǹkan bí aago méjì òru. Mo padà sórí WhatsApp èmi àti ọmọ Ìyá láti wo ohun tí a ń ṣe lọ́sẹ̀ yẹn. Ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀: “Mo ti fi ti dọ́là àti pọ́n-ùn sí i, ẹ wò ó.”

Ìgbà yẹn gan-an ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n ti jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, dọ́là sì fò sókè. Ìyá fẹ́ kí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀n máa rí iye owó ní pọ́n-ùn. Plugin tó ń ṣe é dáadáa, 59 dọ́là ni. Káàdì náírà mi kò ṣiṣẹ́ lókè òkun mọ́ nígbà náà, owó náà sì ti di ńlá. Mo wọ ẹgbẹ́ kan lórí Telegram, mo rí plugin kan náà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀. Mo gbé e wálẹ̀, mo fi sí i, ó ṣiṣẹ́. Inú mi dùn pé mo bá Ìyá fi owó pamọ́.

Fáìlì náà ṣì wà nínú Downloads mi. Mo tú u, mo ka fódà inú rẹ̀. Láàárín àwọn fáìlì tó yẹ kó wà níbẹ̀, ọ̀kan wà tó kún fún base64_decode àti gzinflate, àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń tú ohun tí ẹnì kan ti dì. Nígbà tí mo padà ra ojúlówó lẹ́yìn náà, mo fi méjèèjì wé ara wọn. Fáìlì yẹn kò sí nínú ojúlówó. Kì í ṣe ohun tuntun. Lọ́dún 2019, Wordfence, ilé-iṣẹ́ ààbò WordPress, kọ ìròyìn tó gùn nípa kòkòrò WP-VCD, tó jẹ́ pé inú theme (ohun tó ń fún sáìtì ní ìrísí) àti plugin tí wọ́n já àgádágodo wọn báyìí ló ń gbà tàn ká. Mo ti ka ìròyìn yẹn lọ́dún tó jáde. Aláǹgbá tí mò ń wá kiri, ọwọ́ ara mi ni mo fi la ògiri fún un.

Mo lè dákẹ́. Ìyá kò ní mọ̀ láéláé. Mo rò ó fún alẹ́ kan, lẹ́yìn náà mo gba ọ̀nà Mọníyà lọ sí Ìṣẹ́yìn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo bá wọn níbi òfì, àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì ń hun aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́ bó ṣe rí.

Wọn ò pariwo. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀: “Àwọn tó ṣe é yìí, kí ni mo fi ṣe wọ́n?” Mo ṣàlàyé pé àwọn olè náà ò mọ Ìyá rárá, wọn ò mọ Ìṣẹ́yìn, wọn ò mọ aṣọ òkè. Ẹ̀rọ ni wọ́n dá sílẹ̀ tó ń kan ilẹ̀kùn kiri ayé lọ́sàn-án lóru, ilé tó bá ṣí ni wọ́n ń wọ̀. Ohun tí wọ́n ń jí ni orúkọ rere tí sáìtì náà ti ní lọ́dọ̀ Google, kí wọ́n lè fi ta tẹ́tẹ́ àti báàgì ayédèrú. Ìyá mi orí. Wọ́n wá fa aṣọ kan tó wà lórí òfì mọ́ra, wọ́n fi ìka kan òwú kan láàárín rẹ̀.

“Bí òwú kan bá já níbí, tí ọmọ iṣẹ́ bá fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, á lọ. Oníbàárà á gbà á, á lọ sóde. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ni. A máa ń tú u ni, a óò tú u dé ibi tó ti já. Ìwọ mú òwú tí o kò mọ ẹni tó ran án, o hun ún mọ́ aṣọ mi.” Wọ́n dákẹ́. “O ti tú u dé ibẹ̀?” Mo ní mo ti tú u dé ibẹ̀. “Ó dáa. Pe àwọn oníbàárà mi fún mi ká sọ fún wọn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn bá òfin mu ju bí wọ́n ṣe mọ̀ lọ. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì àwọn oníbàárà wà nínú dátábéèsì tí olè ti rìn kọjá. Nọ́ńbà káàdì kò sí níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó ni wọ́n ti ń kọ ìyẹn. Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 sọ pé bí irú ìwọlé bẹ́ẹ̀ bá lè pa àwọn èèyàn lára, ẹni tí dátà wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí láàárín wákàtí 72 tó bá mọ̀. Mo kọ ìwé náà. Ṣùgbọ́n ti Ìyá ni mo rántí jù. Wọ́n jókòó lórí àpótí fún ọjọ́ méjì, wọ́n fi ohùn ara wọn pe èèyàn tó lé ní 60, ọ̀kọ̀ọ̀kan: “Olè wọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n lè ti rí nọ́ńbà rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ lórúkọ mi pé kí o san owó síbì kan, má san án, pè mí.” Kò sẹ́ni tó bú wọn nínú gbogbo àwọn tí wọ́n pè. Obìnrin Lọ́ńdọ̀n tí mo sọ pé fóònù rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, mo gba fóònù lọ́wọ́ Ìyá, mo bẹ̀ ẹ́ fúnra mi.

Nígbà tí a ń wí yìí, Google ti fi ojú pupa rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, ẹni tó bá fẹ́ wọ sáìtì náà nínú Chrome, ìkìlọ̀ ni á kọ́kọ́ rí pé ibẹ̀ léwu. Mo yọ àwọn onílé àjèjì kúrò nínú Search Console, mo pa fáìlì tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rí rẹ́ kí wọ́n má baà tún padà, mo wá bèèrè fún àyẹ̀wò. Wọ́n ní kí èèyàn kọ ohun tó ṣe sílẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé àti bí mo ṣe dí i. Lọ́jọ́ kẹta, ojú pupa náà kúrò. Àwọn ojú ewé Japan pẹ́ jù ú lọ. Mo jẹ́ kí sáìtì máa dá Google lóhùn pé wọn ò sí mọ́, wọ́n sì ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó lé ní oṣù méjì kí site: tó padà sí aṣọ òkè nìkan.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti béèrè plugin ààbò tó dára jù lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan wà lórí sáìtì Ìyá ní gbogbo àkókò yẹn, iná rẹ̀ sì ń tàn ní àwọ̀ ewé. Inú WordPress kan náà ni òun àti kòkòrò náà jọ ń gbé, agbára wọn dọ́gba, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé lè di ẹnì kejì lójú. Mi ò ní kí ẹ má lò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń ṣe báyìí kò ní iná tó ń tàn. Plugin 27 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 11 ló kù. Ohun tí a kò bá lè ra, a máa ń ṣe láìsí i. Update ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó jẹun, nítorí pé owó sísan nìkan kò tó: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, plugin ọ̀fẹ́ tó jẹ́ ojúlówó, WP File Manager, ní ihò kan, sáìtì tó ń lò ó lé ní 700,000. Ọjọ́ kìíní oṣù náà ni wọ́n gbé àtúnṣe jáde. Ẹni tó gbà á lọ́jọ́ náà sùn, ẹni tó sọ pé ó di ìparí ọ̀sẹ̀, àwọn olè ti ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ti fi ìlà mélòó kan sínú .htaccess tí kò jẹ́ kí PHP kankan ṣiṣẹ́ nínú uploads mọ́. Èmi àti ọmọ Ìyá, kóòdù orí fóònù ni a fi ń wọlé lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù. Ímeèlì Search Console sì ti wà lórí fóònù mi, ó ń dún.

Ti backup ló gba ìrònú mi jù. Ọ̀kan ń lọ sí ibi ìpamọ́ kan tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú hosting náà, sáìtì lè fi nǹkan síbẹ̀, kò lè pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi n'Ìbàdàn. Ẹ̀kẹta wà ní Ìṣẹ́yìn, lórí fláàṣì. Fláàṣì méjì ni, níparí oṣù mo máa ń gbé ọ̀kan lọ, mo máa ń gbé èkejì bọ̀. Ìyá máa ń fi àjákù etù kan wé e, wọ́n á fi sí ìsàlẹ̀ àpótí tí sányán ìyá tiwọn wà. Ṣùgbọ́n wọn kì í kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ mi. “O ti dán an wò?” ni wọ́n máa ń béèrè. Mo máa ṣí láptọ́ọ̀pù lórí ẹní níwájú wọn, mo máa gbé sáìtì náà dìde látinú fláàṣì, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á mú nóòtù wọn, wọ́n á ka ọjà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, èmi náà á wá a lójú ẹ̀rọ. Bí ó bá bára mu, wọ́n á gba fláàṣì, wọ́n á ti àpótí.